Ọkọ̀ fọ́, àwọ̀n lọ: níbo ni ìdílé apẹja yóò ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Etí òkun ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, ìjì líle gbé omi òkun wọ àdúgbò wa. Ọkọ̀ tí ọkọ mi fi ń pẹja fọ́, àwọ̀n rẹ̀ bá omi lọ, ààrò tí mo fi ń yan ẹja wó, omi iyọ̀ sì kún ọgbà tó wà lẹ́yìn ilé. Apá kan ilé ṣì dúró. Oníṣòwò tó máa ń ra ẹja lọ́wọ́ wa ní òun á yá wa lówó ọkọ̀ tuntun, ká máa fi ẹja san án díẹ̀díẹ̀. Ọkọ mi fẹ́ gbà á, àmọ́ àyà mi ń já. Àjọ aláàánú kan sì ní ká kọ ohun tí a nílò sílẹ̀. Kí ni ká kọ́kọ́ ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú àfẹ́kù, ẹ kú ìrọ́jú. Mo dúpẹ́ pé ẹ̀yin méjèèjì wà láàyè láti jọ gbèrò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò mi ná, kí n tó ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ má tíì gba owó ọkọ̀ yẹn. Ìdí ààrò yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè dun ọkọ yín, torí pé bí wọ́n bá ti dárúkọ apẹja, ọkọ̀ ni gbogbo èèyàn ń rí lójú inú wọn. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ ẹ̀yin méjèèjì, tiyín ni owó kékeré lè gbé dìde, òun náà sì ni owó rẹ̀ ń yí kíákíá. Ẹja tí ẹ bá rà láàárọ̀ lè ti di owó kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Owó ọkọ̀ kì í rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ń jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó sì lè pẹ́ gan-an kó tó padà wọlé.

Ẹ lè bi mí pé ẹja wo lẹ fẹ́ yan nígbà tí ọkọ̀ ò sí. Ìjì kì í sábà fọ́ gbogbo ọkọ̀ etíkun tán. Àwọn kan ti fa tiwọn sókè kí omi tó dé, ti àwọn mìíràn kò bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Àwọn wọ̀nyí ń gbé ẹja wálé báyìí, bẹ́ẹ̀ ààrò àwọn tó ń bá wọn tọ́jú rẹ̀ ti wó bíi tiyín. Níbi tí yìnyín bá ti wọ́n, tí ọ̀nà kò sì tíì dára, ẹja tútù máa ń bàjẹ́ sọ́wọ́ ẹni tó pa á. Ẹni tó bá ní ààrò kan tó dúró dáadáa, tó sì ní owó díẹ̀ lọ́wọ́ láti san lójú ẹsẹ̀, ti di ẹni tí wọ́n ń wá kiri.

N kò fi ojú inú lásán sọ èyí. Lẹ́yìn súnámì (ìgbì òkun ràbàtà tí ilẹ̀ mímì fà) ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2004, tó pa èèyàn tó lé ní 220,000 ní àwọn orílẹ̀-èdè tó yí Òkun Íńdíà ká, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọkọ̀ ìpẹja tó wà ní Sri Lanka ló bàjẹ́ tàbí tó sọnù. Gbogbo ayé dá owó. Ọkọ̀ rọrùn láti kà, ó rọrùn láti yà ní fọ́tò kí wọ́n sì fi han ẹni tó dá owó, nítorí náà ọkọ̀ ni àwọn àjọ ń kó bọ̀. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ kékeré fi pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní àwọn etíkun kan, ní Sri Lanka àti ní Aceh ní Indonéṣíà, tí àwọn kan nínú wọn kò sì ṣeé gbé kọjá ìgbì nítorí pé wọn kò kàn wọ́n dáadáa. Ọkọ̀ pọ̀, ẹja kò pọ̀ sí i. Ibi tí wọ́n ti ń rí yìnyín, èbúté tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí, ọwọ́ tó ń ṣa ẹja tó sì ń gbé e lọ sọ́jà, àwọn wọ̀nyí kò tètè rí olùrànlọ́wọ́.

Ní Sri Lanka kan náà, àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé mẹ́ta, Suresh de Mel, David McKenzie àti Christopher Woodruff, tẹ̀lé àwọn oníṣẹ́ kéékèèké lẹ́yìn súnámì yẹn. Wọ́n ṣẹ́ kèké láti yan àwọn tí wọ́n fún lówó ọ̀fẹ́, wọ́n sì ń padà lọ wo gbogbo wọn, àwọn tó gbà àti àwọn tí kò gbà. Ọdún 2012 ni wọ́n tẹ ohun tí wọ́n rí jáde. Owó náà mú àwọn tó ń rà tí wọ́n sì ń tà tètè dìde. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣe nǹkan jáde, nítorí pé ohun èlò tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ kò rí ọ̀nà wọlé. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ nìyí: owó nìkan kì í jí iṣẹ́ dìde bí ọ̀nà tí ohun èlò ń gbà wọlé bá ti já.

Nítorí náà, kí ẹ tó mọ ààrò, ẹ lọ jókòó sí èbúté fún àárọ̀ mẹ́ta. Ẹ ka ọkọ̀ tó gúnlẹ̀. Ẹ wo iye ẹja tí wọ́n gbé sọ̀ kalẹ̀ àti ẹni tó rà á. Ẹ béèrè ibi tí igi ìdáná àti iyọ̀ wà, àti bóyá àwọn oníbàárà yín tó wà lókè ọ̀hún ṣì ń retí ẹja. Bí ẹja kò bá wọlé tó rárá, ẹ má fi owó sínú ààrò lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ fi owó kékeré náà ra ohun tí àwọn tó ń tún ilé ṣe ń lò lójoojúmọ́, kí ẹ máa tà á títí ẹja á fi padà. Kò sí ìtìjú kankan nínú iṣẹ́ oṣù mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ọ̀rọ̀ oníṣòwò yẹn. N kò sọ pé èèyàn burúkú ni. Òun náà lè ti pàdánù, ó sì lè jẹ́ pé òun ló ń gbà yín sílẹ̀ nígbà tí òkun bá le. Ṣùgbọ́n owó tí ẹni tó ń ra ẹja bá yá apẹja ní èlé méjì nínú, èyí tí ojú rí àti èyí tí ojú kò rí. Èyí tí ojú rí ni iye tó bá ní kí ẹ fi kún un. Èyí tí ojú kò rí fara pamọ́ sínú iye tó ń ra ẹja yín.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní agbọ̀n ẹja kan ń lọ ní 10 lọ́jà. Nítorí pé ẹ jẹ ẹ́ ní gbèsè, kò sí ẹlòmíràn tí ẹ lè tà á fún, ó wá ń rà á ní 7. Ìyẹn ni pé 3 ti bọ́ sápò rẹ̀ kí ẹ tó san ohunkóhun nínú gbèsè. Bí ọkọ yín bá pa agbọ̀n 200 lọ́dún, ó ti di 600. Bí owó ọkọ̀ náà bá jẹ́ 1,000, ohun tó ju ìdajì ọkọ̀ lọ ti kúrò lọ́wọ́ yín lọ́dún kan, gbèsè ọkọ̀ sì dúró digbí bí ẹni pé ẹ kò san nǹkan kan. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kò sí ọjọ́ kan pàtó tí ẹ máa mọ̀ pé ẹ ti di ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún un.

Lẹ́yìn ìjì Nargis tó kọlu ẹsẹ̀ odò Ayeyarwady ní Myanmar ní oṣù Karùn-ún ọdún 2008, tí nǹkan bí 138,000 èèyàn fi kú tàbí tí wọ́n di àwátì, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ àti apẹja yá owó kí wọ́n lè padà sẹ́nu iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Iṣẹ́ ọdún àkọ́kọ́ kò mú owó wọlé bí wọ́n ṣe rò. Wọ́n yá òmíràn láti fi san ti àkọ́kọ́, àwọn kan sì pàdánù ilẹ̀ wọn sínú rẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn àjálù kì í ṣe ọdún tó yẹ kéèyàn fi ìṣirò ọdún tó dára gba gbèsè. Bí ẹ bá fẹ́ ṣírò iye ẹja tí ọkọ̀ tuntun á pa, ẹ fi ọdún tó burú jù tí ẹ rántí ṣe òṣùwọ̀n.

Bó bá wá di dandan kí ẹ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ gba kékeré. Owó àwọ̀n yàtọ̀ sí owó ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí àdéhùn wà lórí ìwé, kí ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ pé iye tí ọjà bá ń jẹ lọ́jọ́ náà ni yóò fi ra ẹja yín, kì í ṣe iye tó bá wù ú. Kí ó wà níbẹ̀ pé bí ẹ bá rí owó níbòmíràn, ẹ lè san gbogbo rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, láìsan èlé àwọn oṣù tó kù. Kí ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú pé apá kan ẹja yín ṣì jẹ́ tiyín láti tà fún ẹni tó bá wù yín. Ọ̀nà kan kò wọjà. Ìbéèrè kan wà tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé títí ọwọ́ á fi bọ̀wé: bí ìjì mìíràn bá gbé ọkọ̀ náà lọ, ta ló ni òfò rẹ̀? Bó bá ní ẹ̀yin nìkan ni, ẹ ti mọ irú àdéhùn tó jẹ́.

Ní ti ọkọ yín, kò ní láti jókòó. Mo fẹ́ kí ẹ sọ ìtàn Omoe fún un. Abúlé apẹja ni, nínú ìlú Miyako ní ìpínlẹ̀ Iwate lórílẹ̀-èdè Japan. Nígbà tí súnámì ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2011 kọjá, nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibẹ̀ ní, ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù. Bí kálukú bá gbá ọkọ̀ tirẹ̀ mú, àwọn díẹ̀ á jẹun, àwọn tó kù á fi ìlú sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà pinnu pé gbogbo ọkọ̀ tó kù, àti èyí tí wọ́n bá rà, di ti gbogbo wọn fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n jọ ń wọ̀ ọ́ jáde, wọ́n sì jọ ń pín owó rẹ̀. Bí ọkọ̀ ti ń pọ̀ sí i, wọ́n ń dá a padà fún ìdílé kọ̀ọ̀kan, títí ètò náà fi kásẹ̀ nílẹ̀.

Ohun tó wú mi lórí níbẹ̀ ni pé wọn kò retí kí ọkọ̀ pé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọkọ yín lè bá ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ yè sọ̀rọ̀ pé kí òun máa bá a jáde, kí wọ́n jọ pín ohun tí wọ́n bá pa. Bí ó bá mọ àwọ̀n tún ṣe tàbí kó mọ ẹ́ńjìnnì, ọwọ́ rẹ̀ níye lórí ju bó ṣe rò lọ lásìkò yìí. Kó sì wo ọkọ̀ tirẹ̀ dáadáa pẹ̀lú gbẹ́nàgbẹ́nà kó tó pè é ní òkú. Ọkọ̀ tí a tún ṣe jẹ́ ọkọ̀ tó mọ̀ bó ṣe ń rìn, àwọn tó lè tún un ṣe sì wà nítòsí. Ẹ ṣọ́ra fún ọkọ̀ ọ̀fẹ́ tí ẹnikẹ́ni ní àdúgbò yín kò mọ̀ ọ́n tún ṣe, torí ìgbà àkọ́kọ́ tó bá fi ẹ̀gbẹ́ gbá òkúta ni yóò di ẹrù.

Ẹ̀yin obìnrin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ gan-an lórí ìwé tí àjọ aláàánú ní kí ẹ kọ. Àwọn tó máa ń wá ka òfò máa ń béèrè pé, “Ọkọ̀ mélòó ló fọ́?” Wọn kì í sábà béèrè pé ààrò mélòó ló wó. Àgbá omi, ọ̀bẹ, agbọ̀n, òṣùwọ̀n, pákó tí a ń sá ẹja sí, owó tí ẹ fi ń ra ẹja lówùúrọ̀ kùtùkùtù: ìwọ̀nyí kò ní nọ́ńbà lára bí ọkọ̀, nítorí náà wọn kì í wọ ìwé. Ẹ kọ wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú iye tí yóò gbà láti rà á. Ẹ kọ owó ìyípo náà pẹ̀lú, torí pé ààrò tí kò ní owó ẹja kò yàtọ̀ sí ilé òfìfo. Kí orúkọ tiyín wà lórí ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọkọ yín. Bí obìnrin mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá jọ kọ ìwé kan fún ààrò ńlá kan tí wọ́n á jọ lò, ó máa ń ṣòro fún àjọ láti kọ̀ ọ́.

Ṣé owó ni kí ẹ béèrè àbí ohun èlò? Bí ohun tí ẹ nílò bá wà lọ́jà, owó ni. Lẹ́yìn ìjì Haiyan ní Filipínì, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2013, àwọn àjọ ńlá gba ojú ètò tí ìjọba ti fi ń fún àwọn aláìní lówó tẹ́lẹ̀, wọ́n fi owó kún un, ìdílé kálukú sì ra ohun tí àìní rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹnì kan ra páànù, ẹlòmíràn ra ẹlẹ́dẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọjà bá ṣófo, owó á kàn lé iye ohun díẹ̀ tó wà níbẹ̀ sókè ni. Nígbà náà, ẹ béèrè ohun èlò. Bí wọ́n bá sì ń gba àwọn èèyàn sí iṣẹ́ kíkó pàǹtírí tí wọ́n ń san owó òòjọ́ fún, kí ẹnì kan nínú yín lọ. Owó tí kò ní èlé ni. Kó kúrò níbẹ̀ nígbà tí ẹja bá ti ń wọlé dáadáa.

Ilé yín tó ṣẹ́kù, ẹ tún un ṣe débi tí òjò kò fi ní pa yín. Ẹ má kọ́ ọ láti ìpìlẹ̀ títí ẹ ó fi mọ ohun tí ìjọba fẹ́ ṣe sí etíkun náà. Ní Sri Lanka, kò pẹ́ lẹ́yìn súnámì, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé ní mítà 100 sí òkun ní apá kan orílẹ̀-èdè náà, mítà 200 ní apá kejì. Wọ́n wá dín in kù lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, nígbà tí àwọn kan ti kó lọ sí ibi tó jìn. Ní Tacloban ní Filipínì, wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí apá àríwá ìlú. Ilé wà níbẹ̀, òkun kò sí níbẹ̀. Bí wọ́n bá pè yín sí ìpàdé lórí kíkó lọ, ìbéèrè yín àkọ́kọ́ ni iye tí wíwọ ọkọ̀ lọ sí èbúté àti bíbọ̀ yóò jẹ́ lójoojúmọ́, àti ibi tí wọ́n á gbé ààrò sí.

Ọgbà náà kò kú. Bí omi òkun kò bá ń padà wọ̀ ọ́ mọ́, òjò ni yóò fọ iyọ̀ rẹ̀. Ẹ gbẹ́ ojú ọ̀nà kéékèèké tí omi òjò á fi máa ṣàn jáde, kó má ṣe jókòó síbẹ̀ kó gbẹ, torí bó bá gbẹ, iyọ̀ á padà sókè. Ẹ má fi omi kànga bomi rin ín bí omi rẹ̀ bá ṣì ní iyọ̀ lẹ́nu. Nígbà tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, ẹ gbin ẹ̀wà díẹ̀ sí igun kan. Ẹ̀wà kì í fara da iyọ̀ tó pọ̀, nítorí náà bí ewé rẹ̀ kò bá jó létí, ilẹ̀ ti ń padà bọ̀ sípò. Tí omi òkun bá ṣì ń wọlé, ẹ má fi irúgbìn ṣòfò. Lẹ́yìn ìjì Aila ní oṣù Karùn-ún ọdún 2009, àwọn ibì kan ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Bangladesh wà lábẹ́ omi iyọ̀ fún nǹkan bí ọdún méjì, torí pé ògiri ilẹ̀ tó ń dí òkun ti ya, wọn kò sì tètè dí i. Ògiri yẹn ni iṣẹ́ àkọ́kọ́, iṣẹ́ gbogbo àdúgbò sì ni. Bí ẹ bá ní igi àgbọn tó wó, ẹ kó ìtì rẹ̀ kúrò nílẹ̀ tàbí kí ẹ là á sí pákó, torí pé inú ìtì tó ń jẹrà ni kòkòrò tó ń pa àgbọn ń bí sí. Èyí tí ẹ bá gbìn lónìí lè gba ọdún mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó so. Ẹ gbìn ín, kí ẹ sì gbin ewébẹ̀ sáàárín.

Ohun kan kù tó wà lọ́kàn mi. Ẹ má ta ohun tó ṣẹ́kù. Bí ẹ́ńjìnnì ọkọ yín bá yè, tàbí òṣùwọ̀n yín, ẹni tó ń ra irú rẹ̀ á wá lọ́sẹ̀ tí ebi bá pa yín jù, yóò sì fún yín ní ìdá kékeré nínú iye rẹ̀. Ó sàn kí ẹ jẹ oúnjẹ tí àjọ ń pín láìtijú, kí ẹ sì fi irinṣẹ́ pa mọ́. Bákan náà ni ọmọ tó wà nílé ìwé. Owó tí wọ́n á mú wálé lóṣù mẹ́ta kò tó ohun tí kíkúrò nílé ìwé ń gbà lọ́wọ́ wọn.

Bí ẹ bá fẹ́ bá ọkọ yín sọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má fi “má gbà á” bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin tó jí láàárọ̀ tí kò ní ọkọ̀ tó ń tọ̀ lọ ti gbọ́ “rárá” tó lọ́dọ̀ òkun. Ẹ gbé bébà kalẹ̀, kí ẹ jọ ṣe ìṣirò agbọ̀n 200 yẹn pẹ̀lú iye gan-an tí oníṣòwò náà ń rà á àti iye tí ọjà ń jẹ. Ẹ jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nọ́ńbà náà. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá ṣì rò pé àdéhùn náà dára lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní kí oníṣòwò náà kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Màá kà á láti òkè délẹ̀.